Ẹni tí ariwo Àpápá bá sú, kó gba Òṣogbo lọ

Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ẹ mọ̀ pé tírélà kì í sùn. Àwọn ẹlẹ́sìn Buddha máa ń jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ère kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Tiwa náà wà: igbó Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo.

Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀. Àjàgẹmọ, abọrẹ̀ Ọbàtálá l'Ẹ́dẹ, ló fọ̀nà òrìṣà hàn án. Bó ṣe di Àdùnní Olóòrìṣà nìyẹn. Nígbà táwọn kan fẹ́ gé igi igbó náà tà, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú mọ ère ńláńlá síbẹ̀. UNESCO tẹ́wọ́ gbà á lọ́dún 2005. Àdùnní kú lọ́dún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Ẹ lọ jókòó létí odò náà, ẹ panu mọ́. Tírélà ò ní sá lọ kẹ́ ẹ tó dé.