Kóńgò Wo La Fi Ń Wọn Ọdún?

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo mú wá lónìí. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 350 yunifásítì tí àwọn ọmọ wọn ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ní ìpele tó ga jù lọ. Bí oṣù Kẹta bá dé, ikọ̀ ọkùnrin 68 péré ni wọ́n ń pè sí ìdíje NCAA. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ilé yá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fi parí, ikọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ife ẹ̀yẹ, àwọn 67 yòókù á sì fi ìpàdánù kádìí ọdún. Ṣé a wá lè sọ pé iṣẹ́ àṣedànù ni àwọn 67 náà ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston á ní bẹ́ẹ̀ ni. Alátìlẹ́yìn ikọ̀ Yunifásítì Houston ni, nítorí pé ibẹ̀ ni Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, ti di ẹni tí ayé mọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Duke ti fi àmì ayò 14 ṣáájú Houston kí Houston tó lé wọn bá, tí wọ́n sì borí. Wọ́n dé àṣekágbá, Florida sì fi 65 sí 63 nà wọ́n. Eré 35 ni wọ́n borí lọ́dún náà. Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi láti bá a kẹ́dùn, ó ní, "Àbúrò mi, ọdún yìí ti forí ṣánpọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Mo rán wọn létí ìtàn tí àwọn fúnra wọn sọ fún mi. Houston wà lára ikọ̀ mẹ́rin tó kù ní 1982, 1983 àti 1984. Ọlájuwọ́n wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì gba ife kankan. Ní 1983, eré 26 ni wọ́n ti borí léraléra kí wọ́n tó pàdé North Carolina State ní àṣekágbá. Bọ́ọ̀lù kan tó wọlé nígbà tí àkókò ń tán lọ ló ba ayọ̀ wọn jẹ́: 54 sí 52. Síbẹ̀, Ọlájuwọ́n tí ikọ̀ rẹ̀ pàdánù ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù. Títí dòní, orúkọ ikọ̀ yẹn kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Houston.

Ní ọjà wa, kóńgò la fi ń wọn gàrí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi kóńgò wọn aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn alátìlẹ́yìn wọ̀nyí ní oríṣiríṣi òṣùwọ̀n.

Èkíní ni ohun tí wọ́n ń retí. Ní 2015, Kentucky borí nínú eré 38 láìpàdánù ẹyọ kan, kí Wisconsin tó dá wọn dúró nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́rin. Ọgbẹ́ ni ọdún yẹn jẹ́ fún àwọn èèyàn wọn. Ní ti Northwestern, ọgbà wọn ni wọ́n ti gbá àṣekágbá àkọ́kọ́ ní 1939, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni àwọn fúnra wọn tó kọ́kọ́ wọ ìdíje náà. Wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pàdánù èkejì, inú àwọn èèyàn wọn sì dùn dọ́ba.

Èkejì ni aládùúgbò. Ní 2022, North Carolina na Duke, tí wọn kò jìnnà síra, nínú eré tí Mike Krzyzewski fi dágbére fún pápá ilé rẹ̀. Wọ́n tún nà wọ́n nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́rin, iṣẹ́ bàbá náà sì parí síbẹ̀. Kansas ló gba ife. Ẹ lọ bi ará Chapel Hill bóyá ọdún náà burú.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí a ti ń bọ̀. Yunifásítì Baylor, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Texas ní 1845, rí ìtìjú ńlá ní 2003: agbábọ́ọ̀lù wọn kan kú ikú ìpànìyàn, àṣírí ìwà àìtọ́ sì tú. Scott Drew gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, eré 8 ló borí, ó pàdánù 21. Ní 2021, Baylor gba ife lọ́wọ́ Gonzaga tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà lọ́dún náà, 86 sí 70. Ẹni tó bá ka 8 nìkan ní 2004 ì bá ti lé ọkùnrin náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń lé àwọn mìíràn lọ, nítorí ìdájọ́ èrò ìwòran kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ sì ni àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, eré tí wọ́n pàdánù yẹn ni ìgbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi òṣìṣẹ́ míṣọ́n náà. Ìwé ìròyìn ọdún tí mo ń kọ ní àyè fún iye èèyàn, kò ní àyè fún iye tí a fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlá lè kéré lójú ẹni tó ń kà á, títí yóò fi gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí a ka iye, ó dára. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé ọdún ẹnìkan bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti gbéra.