Ojú Irin Orí Tábìlì àti Bàbá Mi



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fẹ́ bi mí pé kí ni olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Islam ń wá nídìí ọkọ̀ rélùwéè kékeré tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìbéèrè náà tọ́. Ìyá àwọn ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ bi mí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, ẹnì kan sì bi mí láàárín àwùjọ. Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo wọn lóhùn pa pọ̀ níhìn-ín, nítorí ìdáhùn náà kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní bàbá tàbí ìyá àgbàlagbà nínú ilé.

Ní Minna ni a ń gbé. Bí ẹ bá bi àwọn Yorùbá tí ó pẹ́ ní ìlú yìí léèrè bí ìdílé wọn ṣe dé Òkè Ọya, ọ̀pọ̀ ni yóò tọ́ka sí ojú irin. Ní 1907 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Baro, létí Odò Ọya, lọ sí Kánò. Èyí tí ó ti Èkó bọ̀, tí ó gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, wá pàdé rẹ̀ ní Minna. Nígbà tí yóò fi di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Kánò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé rélùwéè sọdá ní Jẹ́bà títí afárá ibẹ̀ fi parí ní 1916.

Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi. Ó wọ iṣẹ́ rélùwéè ní 1974, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2005. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yí ojú irin níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, kí ọkọ̀ ẹrù má baà já wọ ibi tí ọkọ̀ èrò dúró sí. Pọ́ìntìmáànù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó ń ṣe iṣẹ́ òru, ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán. Àwa ọmọ rẹ̀ mọ ìró bàtà rẹ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ.

Ní 1999, mo parí Àlùkùránì, wọ́n sì ṣe wọlímọ̀ fún wa. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Bàbá gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni ó jókòó sí ìlà iwájú. Àga bàbá tèmi ṣófo títí wọ́n fi pín sàárà tán. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì bi í. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú lọ sí yunifásítì, mo gbé e padà wálé, mo gbé e wọ ilé ọkọ àti aya. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ, mo mọ̀ pé inú mi kò mọ́ sí òbí tèmi. Mò ń tọ́jú rẹ̀, mò ń kí i, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń san gbèsè ni mo ń ṣe é.

Ní 2016 ni ìyá wa jáde láyé, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Bàbá wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ń kírun, ó ń jẹun, lẹ́yìn náà yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀. Mo ṣe wáàsí sùúrù fún un títí ó fi sú mi. Èsì kan náà ni: “Ó dáa.” Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tí ó wà nínú páálí

Ní 2017, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Manchester fi páálí kan ránṣẹ́ sí àkọ́bí mi ọkùnrin. Ó ra á ní àlòkù. Ojú irin róbótó, ẹ́ńjìnì kan, kóòṣì méjì àti wágọ̀nù méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Mo rò pé ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Märklin ní ilẹ̀ Jámánì ni ó gbé rélùwéè kékeré lọ sí ọjà ńlá Leipzig ní 1891, pẹ̀lú ojú irin tí ìwọ̀n rẹ̀ bára mu, tí ènìyàn lè máa ra díẹ̀díẹ̀ kí ó sì máa so ó pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frank Hornby ará Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní 1920. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà ti gbà á lọ́wọ́ ọmọdé kí ó tó di ìgbà náà, nítorí 1910 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ rélùwéè kékeré ti ìlú London sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ báyìí máa ń kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn jáde fún aráyé wò. Ní abúlé Long Wittenham, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Roye England lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi páálí kọ́ àwọn ilé àtijọ́ agbègbè náà, nítorí ó rí i pé wọ́n ń parẹ́ lójú òun. Ní Hamburg, àwọn ìbejì kan, Gerrit àti Frederik Braun, ṣí Miniatur Wunderland ní 2001. Ojú irin tí ó wà nínú ilé náà ti ju kìlómítà 15 lọ, ọkọ̀ tí ń sáré lórí rẹ̀ sì ti lé ní 1,000.

Ọjọ́ tí a to tiwa sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, Bàbá dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ́ńjìnì náà láti iwájú, ó wò ó láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ti àwọn òyìnbó nìyí. Tiwa kò rí báyìí. Ara ọkọ̀ tiwa máa ń yọ síta lórí irin ju èyí lọ.”

Ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù lọ tí ó ti sọ láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn.

Mo wọ̀n ọ́n wò. Òótọ́ ni. Fífẹ̀ ojú irin àtijọ́ ti ilẹ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà, èyí tí í ṣe 1,067 mìlímítà. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1,435. Ọkọ̀ inú páálí náà jẹ́ ìdá kan nínú 76 ti ọkọ̀ gidi, ojú irin rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 16.5. Ṣùgbọ́n bí a bá pín 1,067 sí ọ̀nà 64, ó kù díẹ̀ kí ó pé 17. Nítorí náà, ojú irin tí ó fún pọ̀ jù fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá tiwa mu, bí a bá ti lè ṣe ara ọkọ̀ sí ìdá kan nínú 64. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yìí ní New Zealand, tí ojú irin wọn fẹ̀ bíi tiwa gẹ́lẹ́, ti ń lo ọgbọ́n náà tipẹ́. Bàbá kò ka ìwé kankan kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Bí a ṣe kọ́ ọ

A ra pákó pẹlẹbẹ kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú. Páálí bisikíìtì ni a fi kọ́ téṣọ̀n, a fi lẹ́búlẹ́bú pákó tí a pa láró àwọ̀ ewé ṣe koríko, a fi bébà àtijọ́ tí a rẹ sínú gọ́ọ̀mù mọ àwọn òkè. Ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.7 di ohun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Kìlómítà kan yóò gbà ju mítà 15 lọ, nítorí náà a ní láti gé ọ̀nà kúrú. Bàbá ni ó ń pinnu ohun tí a lè yọ àti ohun tí a kò gbọdọ̀ yọ. Ó gbà kí a yọ àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Kò gbà kí a yọ igi dòǹgóyárò kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Iná vólítì 12 ni ó ń gba inú irin méjèèjì lọ sínú ẹ́ńjìnì. Bí a bá pààrọ̀ wáyà méjèèjì, ọkọ̀ yóò padà sẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí iná ìjọba kò ṣeé gbára lé, bátìrì alùpùpù ni a lò, kò sì já wa kulẹ̀. Èyí tí ó yọ wá lẹ́nu jù ni eruku ọyẹ́. Bí eruku bá ti bo irin, iná kì í dé ara táyà, ọkọ̀ yóò sì dúró gbagidi. Àràárọ̀ ni ọmọ mi ń fi aṣọ tí a kì bọ sípíríìtì nu ojú irin.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Nígbà kan, mo ń jó wáyà pọ̀ títí ìrun Alásárì fi fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá ni ó yọ wáyà bátìrì. Ó ní, “Ọkọ̀ tí kò bá dúró ní téṣọ̀n, kì í ṣe ọkọ̀ mọ́.” Láti ọjọ́ náà, bí ìpè ìrun bá ti dún, ọkọ̀ wa á dúró.

Ibi tí ọ̀nà ti pín

Ibi tí ojú irin ti pín sí méjì ni ó ṣòro jù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sún sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí èyí tí ó yẹ kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kò bá lẹ̀ dáadáa, táyà yóò gun orí rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì ṣubú. Ìdajì mìlímítà péré lórí tábìlì wa, ó ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ lójú irin gidi. Bàbá gé bébà pélébé kan, ó ní bí bébà bá ti lè wọ àárín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi bi í pé, “Bàbá àgbà, tí ẹni tí ń yí i bá lọ sílé ńkọ́?”

Bàbá to ọkọ̀ kan sí ìhà Jẹ́bà, ó to èkejì sí ìhà Kàdúná. Ó ní ojú irin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń bọ̀ lórí rẹ̀, ní Minna nìkan ni wọ́n ti lè yà fún ara wọn. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Bí ó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ wọlímọ̀ rẹ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó yẹ kí n kúrò. Ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi ń ṣàìsàn. Wágọ̀nù epo ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ èrò ń bọ̀ láti òkè. Aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ wà nínú báàgì mi.”

Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

Ó ní, “Nígbà tí mo délé, o ti sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, o kò wo ojú mi. Mo ní ọmọdé ni, yóò gbàgbé.”

Ọdún méjìdínlógún! Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí lẹ́búlẹ́bú pákó, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n dìde kí n má ba òkè jẹ́.

Ọjọ́ ìpàtẹ

Ní 2018, a gbé tábìlì náà lọ sí ọjọ́ àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Èrò pé jọ. Arákùnrin kan bi mí pé ṣé àáfà lè máa ṣe ère ènìyàn. Ìbéèrè pàtàkì ni, n kò sì bínú. Mo sọ fún un pé àwọn onímọ̀ ti jíròrò lórí rẹ̀, pé púpọ̀ nínú wọn yọ ohun ìṣeré ọmọdé sọ́tọ̀ nítorí àwọn bèbí tí ìyá wa Áíṣà fi ń ṣeré nílé Ànábì (SAW), ṣùgbọ́n pé èmi ti yan èyí tí ọkàn mi balẹ̀ sí: páálí tí a gé ní àwòrán ara, tí kò ní ojú, tí kò ní imú. Ó wò wọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín.

Láàárín ìpàtẹ, ọkọ̀ wa dúró. Àwọn ọmọdé pariwo. Bàbá fa aṣọ sípíríìtì yọ lápò, ó nu irin, ó fi bébà wo ibi tí ọ̀nà ti pín, ó sì na ọwọ́ sókè bí ìgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mi tan iná, ọkọ̀ sì lọ. Odindi wákàtí méjì ni Bàbá fi ń dáhùn ìbéèrè àwọn ènìyàn lọ́jọ́ náà.

Ó padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ní 2021. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni a fi sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tí mo fi dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, n kò sọ pé kí ẹ lọ ra rélùwéè kékeré. Ó lè jẹ́ òfì, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lè jẹ́ ọkọ́ àti àdá. Ẹ wá ohun tí ọwọ́ àgbà yín mọ̀, ẹ gbé e síwájú rẹ̀, ẹ jókòó tì í. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì wà nínú yín láti ìgbà èwe, ẹ bi í léèrè nígbà tí ó ṣì wà láyé láti dáhùn.

Tábìlì náà ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ mi ni ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Kò jẹ́ kí ó kọjá rí láìkọ́kọ́ fi bébà Bàbá wò ó.

Kí Ọlọ́hun Ọba dárí jin àwọn òbí wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà ṣe é gbọ́rọ̀ fún àwọn ọmọ wa. Àmín.