Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àlòkù Tí A Rà Fún Ìyá Wa

A ti gbọ́ tí púpọ̀ nínú yín ń wí pé, bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí owó oṣù àkọ́kọ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ni ẹ ó fi rà fún àwọn ìyá yín. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àwa ọmọ ìyá mẹ́ta ti gba ọ̀nà náà ṣáájú yín, tí a sì fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, kò yẹ kí a dákẹ́.

Ìyá wa a máa ránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó bá mọ ìlú wa yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nítorí ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, tí àwọn régbérégbé máa ń jáde, olúkúlùkù ẹgbẹ́ nínú aṣọ kan náà. Aṣọ ẹgbẹ́ kò gba àwáwí. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá parí kò lè bá ẹgbẹ́ jáde, kì í sì í gbàgbé aránṣọ tí ó fà á. Ní ọdún kan, nígbà tí Ojúde Ọba ku oṣù kan, ẹ̀rọ ìyá wa dákẹ́ pátápátá pẹ̀lú aṣọ àwọn ènìyàn nílẹ̀. Àwa ọmọ sì dá owó jọ.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ní ìlú mìíràn ni a lọ. Ẹ̀rọ Singer kan ni ó gbé jáde, ó dúdú bí kóró iṣin, lẹ́tà ara rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà bí wúrà. Ó mú èépá aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti inú àpò ara rẹ̀, ó rán wọn pọ̀ lójú wa, a sì sanwó. Àwọn ará ìta a máa wí pé kò sí ẹni tí ó mọ owó í ná bí Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ náà, a dójú ti ìran wa. Nígbà tí ìyá wa fi aṣọ òkè sí i, láti so ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó kán léraléra. Lábẹ́ ọ̀dà tuntun náà ni a rí i pé irin rẹ̀ ti sán rí, tí a sì fi nǹkan dí i. Ìyá wa kò bá wa wí. Ó ká aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó dì wọ́n, ó sì ní kí a gbé wọn lọ fún aránṣọ mìíràn. Èyí dùn wá ju ìbáwí lọ.

A yá owó. Ní ìgbà kejì, a bẹ bàbá aránṣọ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì pé kí ó bá wa dé Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí a ti gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà. Bàbá kò tilẹ̀ wo iwájú ẹ̀rọ náà. Ó dojú rẹ̀ dé, ó sì ń fi ìka wá ibi tí irin ti sán tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé e dìde, tí ó fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tí ó ń tẹ́tí bí ẹni pé ó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ bá wúwo yíká, òróró àtijọ́ ni ó dì sínú rẹ̀. Kẹrosíìnì díẹ̀, òróró ẹ̀rọ tuntun àti sùúrù yóò tú u. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yí geere, tí ó sì ń kọ́ ní ojú kan náà nígbà gbogbo, kí a ṣí i wò: bí kì í bá ṣe òwú ni ó há síbẹ̀, irin kan ti wọ́ nínú rẹ̀, kí a sì máa bá tiwa lọ.

Ó wo ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlẹ̀. Bí etí ihò náà bá kún fún ọgbẹ́, abẹ́rẹ́ ti ń ṣìnà níbẹ̀ tipẹ́. Tiwa ti àkọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀, a kò sì wò ó. Ó fi èékánná ha eyín tí ń fa aṣọ lọ, bóyá ó ṣì mú. Lẹ́yìn èyí ni ó bèèrè irin tí ó dà bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, èyí tí bọ́bìnnì gígùn ń gbé inú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ bí Singer 28K. Ẹ̀rọ tí kò bá ní i kò lè so òwú, bí ó ti wù kí ó dára tó. Irú 99K ń lo bọ́bìnnì róbótó, èyí tí ó rọrùn láti rí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

K inú àwọn orúkọ wọ̀nyí dúró fún Kilbowie ní Clydebank, ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí ilé iṣẹ́ Singer ti wà kí ó tó kógbá sílé ní 1980. Nọ́ńbà ara irin náà yóò sọ ọjọ́-orí rẹ̀: èyí tí kò ní lẹ́tà níwájú ti wà ṣáájú 1900. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́-orí nìkan dẹ́rù bà yín, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ àwọn mìíràn nínú àwọn àgbà ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ní ti oníná, bí a bá kó o wá láti Amẹ́ríkà, iná 110 ni a ṣe é fún; iná tiwa, tí ó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, yóò sun ún. Ọlọ́wọ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀ ni àwa fẹ́, ẹ sì mọ bí iná ti ń ṣe wá.

Níkẹyìn, bàbá tú àpò rẹ̀. Aṣọ òkè ni ó mú wá, àti léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti òwú tirẹ̀. Ó rán wọn, ó sì yí wọn padà. Òwú òkè ń ṣe kókó lábẹ́ aṣọ. A rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó yí ìdè òwú òkè le díẹ̀, ó tún rán an, ojú méjèèjì sì dọ́gba. Èépá tí a rí nígbà kìíní ti tán lójú wa pátápátá.

Wúrà ara ẹ̀rọ náà ti ṣí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé S àti R nìkan ni a lè kà. Nígbà tí a gbé e dé, ìyá wa fi àtẹ́lẹwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ̀rọ̀. A gbọ́ ìró rẹ̀ títí òru fi jìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti rán ọ̀kan nínú wa lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ kejì, láti gba èyí tí kò tíì rán nínú aṣọ náà padà.