Bíríkì Òkìríkà fún Ilé Bàbá Ọbàtálá

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè má jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ bíríkì ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó tú agbo ilé wa ká.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Ìgàǹdo mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni yàrá Ọbàtálá wà. Amọ̀ ni bàbá wa àgbà fi mọ ọ́n. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Agẹmọ èṣí, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ògiri kan sì wó lóru. Igbá òrìṣà kò fọ́, a dúpẹ́. Ìyá wa, tí wọ́n jẹ́ ìyálóòṣà ilé, gbé Bàbá lọ sí yàrá tiwọn, wọ́n fi aṣọ àlà bò ó. Wọ́n ní kí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Ògún, tó pé, Bàbá gbọ́dọ̀ ti padà sílé rẹ̀. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

A pe ìpàdé. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá ti ṣírò tirẹ̀ wá: búlọ́ọ̀kù 300, sìmẹ́ǹtì, yanrìn típà kan, táìlì. Mo ní kí wọ́n gbọ́ tèmi ná. Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ fún mi pé wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta, pé bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, pé wọ́n sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo ní ká lọ rà á.

"Àǹtí mi," àbúrò mi ní, "àlòkù lẹ fẹ́ fi kọ́lé fún Bàbá? Ṣé òrìṣà wá di ẹni tí à ń ra òkìríkà fún ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, ẹ ó kọjá ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bí ọdún 1960. Wọ́n á wa òkúta nínú ilẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sun ún nínú ààrò tí gbígbóná rẹ̀ tó 1,450 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dáná nìkan ló ń rú èéfín o. Òkúta yẹn fúnra rẹ̀, bó bá ti gbóná, á tú èéfín kábọ̀n tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo irú èéfín yìí tí ọmọ aráyé ń tú sójú sánmà, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti ibi sìmẹ́ǹtì wá. Òun ló ń mú kí ayé máa gbóná, tí òjò wa fi ń ya wèrè. Àpò 50 kílò kan á ti rú tó 30 kílò èéfín kó tó dé ọwọ́ bíríkìlà. Ká ní àpò kan máa ń di búlọ́ọ̀kù 30, búlọ́ọ̀kù 300 tí àbúrò mi ń wí, àpò mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Yanrìn ńkọ́? Inú ọ̀sà àti inú odò ni wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú èyí tí a ń lò l'Ékòó. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí aráyé ń lò lọ́dún kan tó bílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù. Àwa tí à ń bọ Olókun, tí à ń bọ Ọ̀ṣun, tí à ń júbà Ilẹ̀ ká tó ta omi sílẹ̀, ibo la rò pé wọ́n ti ń wa á?

Ibi tí ohun tí a bá dànù ń lọ, ará Ìgàǹdo kò nílò ẹni tó máa sọ ọ́ fún un. Ààtàn Solous wà lọ́dọ̀ wa. A mọ òórùn rẹ̀, a mọ èéfín rẹ̀.

Bíríkì yẹn ní tirẹ̀, wọ́n ti sun ún tán kí wọ́n tó bí mi. Igi tó jó sí i ti jó tán. Tí a bá dà á nù tí a tún lọ sun òmíràn, a ti fi iná àkọ́kọ́ ṣòfò, a sì tún dá òmíràn.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ilé dákẹ́. Ìyá wa wá béèrè ọ̀rọ̀ méjì tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Àkọ́kọ́: "Pupa kẹ̀? Fún Bàbá aláṣọ funfun?" Èkejì: "Ta ló gbé inú ilé tí wọ́n wó yẹn? Ṣé ẹkún ni wọ́n fi jáde níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ará mi, ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kí olóòṣà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kó tó ra àlòkù ilé. Ilé tí wọ́n fi agbára lé ènìyàn jáde nínú rẹ̀, ẹ má kó bíríkì rẹ̀ wálé. Èmi àti Ìyá lọ sí Èbúté Mẹ́ta fúnra wa. Ọmọ onílé ló jókòó tì wá. Àwọn òbí rẹ̀ ló darúgbó síbẹ̀ tí wọ́n sì sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ọmọ ló fẹ́ kọ́ òmíràn. Ó ní inú àwọn òbí òun á dùn. Nígbà tí a délé, Ìyá bi Bàbá léèrè, obì sì yàn.

Ní ti àwọ̀, Ìyá fúnra wọn ló tún dáhùn rẹ̀. Wọ́n mú bíríkì kan lọ́wọ́, wọ́n ní, "Amọ̀ ni. Amọ̀ ni Bàbá fi mọ ènìyàn. Iná ló sọ èyí di pupa. Ẹ fi ẹfun kùn ún, ó ti di funfun."

Àbúrò mi ṣì ń kùn. Mo wá rán an létí Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìta Yemòó, orúkọ ìyàwó Ọbàtálá fúnra rẹ̀, níbi tí Frank Willett ti wa ilẹ̀ láti ọdún 1957, wọ́n rí àgbàlá tí àwọn baba wa fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi to àwọn àfọ́kù náà dúró, wọ́n rọ́ wọn mọ́ra wọn. Níbòmíràn nínú Ifẹ̀ wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín wọn, wọ́n sì ri ọrùn ìkòkò mọ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti lé ní 600 ọdún, òjò kò sì tíì wọ́ ọ lọ. Ìkòkò tó fọ́ ni wọ́n fi ṣe é o! Wọn ò ní àlòkù kò yẹ òrìṣà.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ìyà jẹ wá. Nínú 2,000 bíríkì tí a rà, bí 300 fọ́ lójú ọ̀nà. Bíríkìlà tí a gbà kò sì ṣà wọ́n. Ó kó èyí tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó to èyí tó le sí òkè. Òjò ńlá kan rọ̀ ní òru ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà méjì ìsàlẹ̀ ti ń hó dànù bí gaàrí tó mu omi. A tú ògiri náà palẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àbúrò mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Èyí tí kò sọ yẹn ló dùn mí jù.

Bàbá bíríkìlà mìíràn, àgbàlagbà ará Ìkòtún, ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ gbọ́ o, ó lè wúlò fún yín. Ẹ gbá bíríkì méjì lu ara wọn: èyí tó bá dún bí agogo ti jiná, èyí tó bá dún pòò kò jiná. Ẹ rẹ èyí tí ẹ kò bá dá lójú sómi mọ́jú. Tó bá ń yọ́, ẹ má fi síbi tí òjò lè dé. Èyí tó le jù ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ bu omi sí i kí ẹ tó ha amọ̀ àtijọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú, eruku yẹn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Tiwa rọrùn nítorí amọ̀ ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ láyé ọjọ́un. Èyí tí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀, ó máa ń fọ́ kó tó tú. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù àlòkù lẹ rí, ọgbọ́n kan náà ni; èyí tó bá sì ti fọ́, ẹ fi kún ìpìlẹ̀ tàbí ilẹ̀ tó rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ha bíríkì. Kò sọ fún mi pé òun gbà. Títí di òní, ó ní búlọ́ọ̀kù ni òun ì bá lò. Ṣùgbọ́n òun ló mú àbá wá pé ká má da 300 tó fọ́ nù. Ẹ̀gbẹ́ la fi tò wọ́n dúró sí àgbàlá, bíi ti Ifẹ̀, àwọn ọmọ sì ṣa òkúta funfun sáàárín rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Ògún, a fi omi ìgbín wẹ ilẹ̀, a fi ẹfun kun ògiri nínú lóde. Ìyá gbé Bàbá wọlé. Sìmẹ́ǹtì tí a lò kò ju àpò mẹ́rin lọ, a kò sì tẹ́ táìlì kankan.

Tí òjò bá ti rọ̀ báyìí, mo máa ń jáde lọ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Ó ṣì dúró. Bí wọ́n bá ń wó ilé ládùúgbò yín, ẹ lọ béèrè kí tírọ́ọ̀kù tó dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ òrìṣà yín. Ilẹ̀ tí à ń júbà náà ló ń ru ẹrù tí a bá dànù.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.