Kọ̀ǹpútà Àgbà àti Àmì Ohùn

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní Kútọnu. Èyí tí àwa mẹ́ta jọ rà fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa jẹ́ Core 2 Duo, RAM rẹ̀ kò ju 2 GB lọ. Windows 7 ni a bá lórí rẹ̀, àbójútó èyí sì ti dópin láti 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Ti Windows 10 náà dópin ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀rọ yìí ni ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ ní Kétu àti Pọ̀bẹ́ wà, a kò sì tíì dà á kọ tán. Díẹ̀ nínú àwọn àgbà náà ti kú. A kò lè padà lọ bi wọ́n léèrè mọ́. A kọ́kọ́ da gbogbo ohùn náà sí ibòmíràn kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lẹ́yìn náà ni a yà sọ́dọ̀ Linux.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, Linux dà bí èdè wa: ìpìlẹ̀ kan náà, ẹ̀ka-èdè púpọ̀. Mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò. Puppy, tí Barry Kauler ará Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ní 2003, lè wọ inú RAM pátá, nítorí náà ó yára. antiX fúyẹ́, ara Debian ni wọ́n ti yọ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ ti 2023 sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ 32-bit. Ẹ̀kẹta ni Debian fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ojú-iṣẹ́ LXDE. Láti ìgbà tí Debian 13 ti jáde ní oṣù kẹjọ 2025, a kò lè fi í sórí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju 32-bit lọ. Àṣẹ lscpu fi hàn wá pé tiwa gba 64-bit.

A fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí USB, a sì dán an wò láìpa ohunkóhun rẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni a fi ṣe ìdánwò: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ó ní òmíràn fún é, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Àmì ohùn ni a ń gbé lé ẹ lórí. Bákan náà ni ɛ́ àti ɔ́ inú àkọtọ́ ti Benin rí. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ bí a ti ń gbé àmì lé lẹ́tà, àmì á ṣí kúrò níbi tó yẹ, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Fọ́ǹtì ló pinnu, kì í ṣe ìfúyẹ́: nígbà tí a lo Charis SIL, àmì gbogbo jókòó dáadáa. Ìbéèrè wá di pé níbo ni a ti lè rí irinṣẹ́ wa láìwá a káàkiri? Charis SIL wà nínú àká Debian. Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, wà níbẹ̀. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà. Ẹni tó fẹ́ ɛ àti ɔ yóò rí wọn lábẹ́ àtẹ Ewe ti Gánà.

Ẹnì kan nínú wa ṣì dúró lórí antiX, nítorí ọmọ Debian náà ni, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn wa tí yóò lo ẹ̀rọ yìí, ìwé ìlànà Debian lédè Faransé sì pọ̀ fún wọn. Debian ni a fi sí i.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu o. Ìtàkùn íntánẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ RAM jù, kò sí Linux tó lè wo ìyẹn sàn. Bí Praat bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ti ojú-ewé yòókù. Kí ẹ tó béèrè èyí tó fúyẹ́ jù, ẹ kọ orúkọ yín tàmì-tàmì lórí rẹ̀ ná. Èyí tí kò bá lè kọ ọ́, a jẹ́ pé kò tíì mọ̀ yín.