Àdùkẹ́, Mo Ti Gbọ́

Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ilé ọ̀rẹ́ rẹ ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ obìnrin tí ẹ jọ ń gbé ní Manchester. Ó ti pè mí. Ó rò pé bí òun bá tú àṣírí yín fún mi, n ó figbe ta, n ó sì kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Mo jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Mo wá bi í pé ta ló lu ọmọ mi, tí ọmọ náà kì í fi í jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀ lórí fóònù mọ́. Ó pa fóònù.

Bó bá tún halẹ̀ pé òun á sọ fún ìyá rẹ, dá a lóhùn pé ìyá rẹ ti mọ̀. Ti ẹni tí ọkàn rẹ yàn, a ó jókòó sọ ọ́. Ó pọ̀ níbẹ̀ tí kò tíì yé mi, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Ti ọwọ́ tó ń lù ọ́ ni kò ṣeé fi dọ̀la.

Mo mọ ọwọ́ yẹn. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jì í, kì í fi ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ gba owó èlùbọ́ tí mo tà. Á ní n kò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi ní Ìsẹ́yìn mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣẹ́ á dé. Bílẹ̀ bá mọ́, á ra ẹran wálé, á máa kì mí. Ìwọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ò ń gbọ́. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí n fara dà á nítorí ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ọmọ ló ń rò pé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn èèyàn nìyẹn.

Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn ka ìwádìí kan fún mi, èyí tí dókítà Felitti àti Anda gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998. Wọ́n bi àwọn àgbàlagbà léèrè ohun tójú wọn rí ní kékeré, títí kan bóyá wọ́n ń lu ìyá wọn. Ní 2003, àwọn tó tún yẹ ìdáhùn wọn wò rí i pé obìnrin tó fojú rí irú èyí ní kékeré wà nínú ewu jù pé olólùfẹ́ á lu òun náà lágbà. Ewu ni o, kì í ṣe àyànmọ́. Ó tún ka ti ìjọba Amẹ́ríkà tọdún 2010: nínú 100 obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin nìkan, 44 ni olólùfẹ́ ti lù, tàbí fipá bá lò, tàbí dọdẹ kiri, nínú àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin nìkan, 35. Ìwọ nìkan kọ́.

Mi ò ní kí o sá wálé. Òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin tàbí ọkùnrin sí ọkùnrin, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ náà hàn ní gbangba. Ẹni tí wọ́n lù níbí á bẹ̀rù àgọ́ ọlọ́pàá ju ẹni tó lù ú lọ. Òfin ọdún 2021 tiyín lọ́hùn-ún yàtọ̀: ó ka ìhàlẹ̀ àti fífi owó de èèyàn mọ́ ìwà ipá inú ilé, ì báà ṣe obìnrin ni ò ń fẹ́. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pàápàá, ó kà á mọ́ àwọn tí wọ́n ṣe níbi. Mo sunkún nígbà tí wọ́n ka ìyẹn fún mi, Àdùkẹ́.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Galop, irú yín ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Fóònù ọ̀rẹ́ rẹ ni kí o fi pè wọ́n, má fi tìrẹ pè. Kó ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí àti káàdì báńkì rẹ sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Má ṣe sọ fún obìnrin yẹn pé ò ń lọ nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì nílé. Mo ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé bó bá pè é, kò gbọdọ̀ sọ ibi tí o wà. Owó èlùbọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ti wà lọ́nà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Fi wọ ọkọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ