Ta Ni Ẹ̀rù Ń Bà?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, n'Íbàdàn, jókòó síwájú òṣìṣẹ́ báǹkì tí kò tíì tó àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ náà yẹ ìwé wò, ó gbójú sókè: "Mọ́mì, Dádì ńkọ́? Wọn ò ní bá yín fọwọ́ sí i?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn ò mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò èlùbọ́ kan."

*

"Obìnrin kì í fẹ́ wewu," ohun tí wọ́n máa ń wí ní báǹkì nìyẹn. Ìyá yìí kan náà ló ń di owó sínú tòbí, tó ń wọ mọ́tò akẹ́rù lóru lọ ra ọjà ní Ṣakí. Òjò lè pa ẹrù, táyà lè bẹ́ nínú igbó. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, ewu wo ló kù tó ń sá fún?

*

Ohun ìdógò tí báǹkì fẹ́ràn jù ni ilẹ̀ tó ní ìwé gómìnà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ló fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, orúkọ ọkùnrin ló sì pọ̀ jù lórí ìwé bẹ́ẹ̀. Wúrà, fíríìsà, ẹ̀rọ ìlọta, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù: ìwọ̀nyí ni tobìnrin. Lọ́dún 2017, òfin kan jáde ní Nàìjíríà tó gbà kí a fi irú wọn dógò. Òfin ti gbà. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó lè díye lé ẹ̀rọ ìlọta la ṣì ń wá.

*

Gbọ́mú-lé-lántà ni àwọn obìnrin sọ owó ẹ̀yáwó tí à ń dá padà lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Ẹ ro bí lántà ṣe ń gbóná, kí ẹ wá ro ohun tí wọ́n ní ká gbé lé e. Ẹgbẹ́ ló ń dúró fún ara wọn: bí ẹnì kan ò bá rí san, àwọn yòókù á dá a. Ẹgbẹ́ ayáwó ni Muhammad Yunus náà lò ní Bangladesh. 1983 ni Grameen, ètò ẹ̀yáwó tó dá sílẹ̀, di báǹkì, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń yáwó níbẹ̀. Tí báǹkì bá ń wá ẹni tí kò ní sá lọ, obìnrin ló ń wá lọ. Tó bá di owó ńlá, á ní ẹ̀rù ń ba obìnrin.

*

Alberto Alesina, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì yẹ àkọsílẹ̀ owó tí báǹkì yá àwọn olókòwò kéékèèké ní Ítálì wò. Èlé tobìnrin ga ju tọkùnrin lọ, ní báǹkì kan náà. Wọ́n wá ẹ̀rí pé yíyá obìnrin lówó léwu jù. Wọn ò rí i.

*

Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, fún àwọn ológun ní ohun ìjà láwìn. Gbèsè wọn ò tán. Nígbà tó ní òun ò ṣe é mọ́, èyí wà lára ohun tó dájà sílẹ̀ láàárín òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà. 1874 ni wọ́n pa á. Obìnrin ni báǹkì nínú ìtàn yẹn, ọkùnrin ni ajigbèsè. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan torí ẹ̀ ní ká má yá ọkùnrin lówó mọ́.

*

Ìyá elélùbọ́ kò gba owó náà. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti ṣírò fún mi: "Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í san. Èlùbọ́ tí mo bá rà nígbà ọ̀pọ̀, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń dúró kó tó wọ́n. Èlé wọn ń bímọ lóṣooṣù, ọjà tèmi ṣì wà nínú oyún."

Ó tún tòbí rẹ̀ so, ó lọ dúró de mọ́tò Ṣakí.